Ọta Ìbọn Tó Jábọ́ Lọ́jọ́ Ìsìnkú Yín

Bàbá mi, olórí ọdẹ Badarawa,

Ẹ kú ilé o, níbi tí ẹ wà. Ojú ń tì mí láti kọ eléyìí, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún bí kò ṣe yín? Ọjọ́ tí a sin yín gan-an ni mo ba nǹkan jẹ́.

Ẹ rántí bí ẹ ti máa ń ṣe tí ọdẹ bá kú? Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ ó kó gbogbo ọta inú àpò yín fún Màmá pa mọ́. Ètù nìkan lẹ ń yìn fún òkú. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Èmi ọ̀mọ̀wé, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tí gbogbo àdúgbò ń pe bàbá mi ní mai gadi, aṣọ́lé lásán! Mo ní lọ́jọ́ ikú yín, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wa, tó bá wá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé èèyàn ńlá ló lọ. Àṣejù.

Mo bẹ ọkọ àbúrò mi tó jẹ́ ṣọ́jà pé kó gbé ìbọn tiwọn wá. Àwọn ọdẹ yín ti gbé ṣakabùlà wọn dání, mo ní kí wọ́n ní sùúrù ná. Ṣọ́jà náà kò gbé ẹnu ìbọn rẹ̀ sókè tààrà, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, ó sì yìn ín. Mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́, Bàbá! Ọta ṣakabùlà kì í lọ jìnnà. Ọta tàwọn ṣọ́jà yìí, tí kò ju ìka ọmọdé lọ, fò kọjá òrùlé gbogbo àdúgbò, ó kọjá mọ́ṣáláṣí kó tó máa bọ̀ wálẹ̀, agbára sì tún kù nínú rẹ̀. Ó lu páànù já, ó lu ẹsẹ̀ èèyàn já, ó wọlẹ̀ lọ. Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bá. Màlámù Sule ni, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń mu fúrá nírọ̀lẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi sàárè yín délé, ó ń ṣe àlùwàlá.

Epo bẹntiróòlù wọ́n, a ò rí mọ́tò. Bárò ni mo fi tì í lọ sí ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń kán sójú ọ̀nà, òun ló tún ń kí mi ní sannu, sannu, pẹ̀lẹ́ tiwọn. Kí ló dé tí kò bú mi? Àwọn ọdẹ yín gbé ìbọn wọn lọ sílé láìyìn ín fún yín. Mi ò ní ẹnu tí mo lè fi bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà jáde báyìí.

Lánàá, Màlámù tẹ ọ̀pá wá, ó ń tiro, ó gbé igbá fúrá kan dání. Ó jókòó sórí ẹní yín níwájú ilé, ó mu ìdajì, ó wá na igbá náà sí mi, bó ṣe máa ń nà án sí yín. Mo kúnlẹ̀ gbà á. Ojú ń tì mí, mo sì mu ún tán.

Èmi ni,
ọmọ tí ẹ fi owó mai gadi rán níléèwé.