Káàdì Agbẹ̀bí Àgbà

Èmi, akọ̀wé káàdì ní ilé ìtẹ̀wé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tí orúkọ mi wà ní kíkún lẹ́yìn ìwé yìí, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Ara ni kò yá. Orí mi pé. Lọ́jọ́bọ̀ ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi. Mo yan ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọ̀gá atẹ̀wé pé kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣẹ.

1. Yàrá àti pálọ̀ tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún mi di ti ẹ̀gbọ́n mi. Ọdún méjì la fi yan ara wa lódì nítorí kọ́tìnì. Kọ́tìnì ọ̀hún wà nísàlẹ̀ àpótí mi. Kó fi kọ́ ojú fèrèsé, kó máa wo ohun tá a torí ẹ̀ bínú.

2. Ewúrẹ́ mi méjèèjì, ti ìyá oníbúrẹ́dì ni. Èyí tí etí rẹ̀ gé máa ń jẹ ìwé. Mo ti kìlọ̀.

3. Rúlà irin mi, àti awò tó ń sọ lẹ́tà wẹ́wẹ́ di ńlá, kí wọ́n fún ọkùnrin tó ń ka ìwé wò kó tó di títẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bi mí bóyá mo máa fẹ́ òun. Mo ní kó jẹ́ ká parí lẹ́tà K ná, nínú ìwé orúkọ tí à ń tún yẹ̀ wò láti A dé Z. A ti dé T báyìí. Òun nìkan ló rí ohun tí mo ṣe. Ó fi pẹ́ńsù fa ilà sí i. Mo pa ilà náà rẹ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi náà ò sì lè wo ojú rẹ̀ mọ́.

4. Ohun tí mo ṣe nìyí. Ìwé àwọn èèyàn jàǹkàn-jàǹkàn là ń tẹ̀; èmi ni mò ń tẹ ìtàn ẹnì kọ̀ọ̀kan sórí káàdì kó tó wọnú ìwé. Bí orúkọ àwọn kan bá jọra, ìlú tí wọ́n ti bí kálukú la fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn mẹ́rin ló ń jẹ́ orúkọ mi: adájọ́ kan láti ìlú etí òkun, sárésáré kan láti orí òkè, ayàwòrán kan láti ìlú tí wọ́n ti ń wa iyọ̀, àti agbẹ̀bí àgbà tó dá ilé ìgbẹ̀bí mọ́kànlá sílẹ̀, ọmọ ìlú kékeré kan lẹ́bàá odò. Bàbá mi, tó já tíkẹ́ẹ̀tì ní rélùwéè títí tó fi fẹ̀yìn tì, ka káàdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Tiwa dà?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ káàdì agbẹ̀bí ní àtúntẹ̀, mo sì kọ ìlú tiwa sí i.

Nígbà tí ìwé jáde, wọ́n ya àwòrán agbẹ̀bí náà sára ògiri gbọ̀ngàn ìlú wa. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni bàbá mi ń dúró níwájú ẹ̀, tó ń sọ fún àlejò pé tìtorí rẹ̀ lòun ṣe sọ mí lórúkọ yẹn. Irọ́ ni. Orúkọ ìyá tó bí i ni.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ agbẹ̀bí kọ lẹ́tà. Ìyá rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. Ìyá náà ka ìwé wa, kò wá dá a lójú mọ́ ibi tí wọ́n ti bí òun. Ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n gbé òun lọ síbi tí ìwé wí. Ọjọ́ Ẹtì yìí la máa tẹ ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì.

5. Mo kọ́kọ́ kọ síbí pé bí mo bá kú, kí wọ́n tún káàdì náà ṣe. Mo ti fa igi lé e. Mò ń wá ibi tí mo lè sá pa mọ́ sí ni. Láàárọ̀ yìí, kí n tó wá sílé ìwòsàn, mo gbé káàdì tó tọ̀nà fún ọ̀gá atẹ̀wé, mo sì sọ ìdí rẹ̀ lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Lẹ́tà ti lọ bá ọmọ agbẹ̀bí.

6. Bàbá mi ni mo fi káàdì irọ́ náà sílẹ̀ fún. Bàbá, ẹ máa rí ìwé yìí gbà, bí mo jí o, bí mi ò jí o. Bí mo bá jí, mo máa gbé ọ̀dà wá, ká jọ kun ògiri yẹn. Ìlú wa ò ní ẹnì kankan nínú ìwé mọ́. Ẹ̀yin ní èmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó tó yín.

Mo fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta: ẹni karùn-ún tó ń jẹ́ orúkọ náà, tí kò ní káàdì.

Àwọn tó rí mi bí mo ṣe fọwọ́ sí i: nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù kejì, awakọ̀ ilé ìtẹ̀wé. Ọkùnrin tó ń kàwé wò náà fẹ́ fọwọ́ sí i. Mo ní ẹni tó ní ìpín níbẹ̀ ò lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ń dúró de Z.