Ọjọ́ Tí Mo Gé Okùn Ìwọ̀ Mi

Etí Adágún Tamsen,
Montana.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹfà.

Signe, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Todd ọkọ rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo gbàgbọ́ pé ara yín le ní Denver níbẹ̀, pẹ̀lú bí ooru ṣe ń mú tó. Ní tèmi, ara mi le ju bí wọ́n ṣe ròyìn rẹ̀ fún ọ lọ.

Mo mọ̀ pé Harlan tó ń fi ọkọ̀ háyà fún àwọn àlejò létí omi ti pè ọ́ lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ó ní mo fẹ́ pa ara mi. Harlan ò sí nínú ọkọ̀ tí mo gbé lọ sórí omi. Èmi ni mo wà níbẹ̀, ẹnu mi ni kí o ti gbọ́ ọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà rẹ dé. O ní ẹ ti bá mi wá yàrá kan nílé àwọn arúgbó, pé ó mọ́ tónítóní, pé ọgbà òdòdó wà níbẹ̀. O ní láti ìgbà tí mo ti ṣubú lórí yìnyín, làákàyè mi ò fi bẹ́ẹ̀ dá yín lójú mọ́. Signe, ìbàdí mi ló dá, kì í ṣe orí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà yẹn, tíì mi sì tutù níwájú mi.

Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́rú, mo ti ọkọ̀ bàbá rẹ bọ́ sómi. Láti ọdún méjì tó ti kú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀ láti àárín òkè méjèèjì, omi sì ti ń ru. Ardis, aládùúgbò mi, rí mi láti ojú fèrèsé, ó sáré jáde tòun ti bàtà inú ilé lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Verna, tó bá jẹ́ pé ikú lò ń lọ kú, mi ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Sún síwájú." Ó wọlé, ó jókòó. A wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, àwa méjèèjì. Harlan kò sọ ìyẹn fún ọ, àbí?

Harlan yìí náà ló pariwo láti etí omi pé, "Ẹ̀yin màmá, ẹ padà o! Afẹ́fẹ́ yìí ò mọ àgbà!" Mo ní, "Ìwọ tí o ò pa ẹja kan látọdún tó kọjá, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi lómi?" Ardis rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Bàbá rẹ máa ń sọ pé ọjọ́ tí omi bá parọ́rọ́, ẹja á máa wò ọ́. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ń rú u, oúnjẹ nìkan ló ń wò. Òótọ́ ni. Kó tó di ọ̀sán, a ti pa ẹja tíráòtù mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni ìkarùn-ún gbé ìwọ̀ mi mì, ọ̀pá ìpẹja tẹ̀ kọdọrọ. Ẹja náà fò sókè lẹ́ẹ̀kan, mo rí i kedere: ó gùn tó apá mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń dán bíi bàbà. Láti kékeré tí mo ti ń pẹja ládùúgbò yìí, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Bí mo ṣe ń bá a fà á ni ìjì gidi dé. Mo ti fi àjẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ sì yí ẹ̀gbẹ́ kọ ìgbì. Omi rọ́ wọlé dé ọrùn ẹsẹ̀ wa. Ardis ń fi agolo kọfí gbọ́n omi, ó sì ń ké pé, "Má jẹ́ kó lọ o! Verna, mú un dáadáa!" Èjìká Ardis ò gbé àjẹ̀, èmi nìkan ló lè tukọ̀. Mo wo ẹja, mo wo omi. Mo yọ ọ̀bẹ, mo gé okùn náà.

Ardis pariwo pé, "O gé e?" Mo ní, "Mo gé e. Gbọ́n omi!" Omi ń bọ́ lójú mi, kì í ṣe ti adágún nìkan.

N kò bá afẹ́fẹ́ jà. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo jẹ́ kó gbé wa lọ sí òdìkejì, sí ẹ̀yìn àwọn àpáta níbi tí omi ti rọ̀. Ibi tí Harlan ò ti rí wa mọ́ nìyẹn, tó fi rò pé a ti rì. Kàkà ká rì, ṣe la gúnlẹ̀, a dáná, a sun ẹja méjì jẹ. Ardis kàn ń ráhùn pé kò sí iyọ̀ ni.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, mo tu wá padà. Àwọn agbanilà ti dúró létí omi pẹ̀lú ibùsùn alágbèéká. Wọ́n fẹ́ gbé mi. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi gun òkè délé.

N kò ní purọ́ fún ọ. Ìbàdí ń dùn mí. Orí ìdùbúlẹ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ̀rù sì bà mí lórí omi lọ́jọ́ náà, ìwọ gan-an ni mo ń rò. Ṣùgbọ́n ọgbà òdòdó yẹn bà mí lẹ́rù ju ìgbì lọ. Ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ ì bá di ẹja yẹn mú títí omi fi gbé e. Èmi gé e. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn gba yàrá náà. Bí mo bá ń lọ síbì kankan, màá sọ fún ọ fúnra mi.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ kọ ohun tí o kọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ fẹ́ràn rẹ bẹ́ẹ̀, kó sì fún ọ ní agbára láti sọ fún wọn pé rárá. Kó máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín.

Èmi ni ìyá rẹ tí orí rẹ̀ pé,
Verna.

Àfikún: Ardis ní kí n kí ọ. Ọmọkùnrin tirẹ̀ náà kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí i lóṣù tó kọjá, Ardis kò sì tíì mọ èsì tí yóò fún un. Ó ń bọ̀ wá jókòó tì mí lọ́la kí n bá a kọ ọ́.