Ohùn Hájíà Lórí Fóònù Garba

Àtìní, 6 Ọkitóbà
Èmi, Hájíà Àsíátù Olóhùn-Iyọ̀, ọ̀gá gbogbo oníwákà láti Ìlọrin dé Sókótó, ni mo ń kọ ìwé yìí. Lónìí mo lọ bá Garba ní ọjà Kasuwar Kara, níbí ní Sókótó, níbi tó ti ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn, tó ń kó orin sí wọn ní fóònù. Gbogbo orin mi ló wà níbẹ̀! Mo ní ta ló fún un láṣẹ. Ó ní haba, Hájíà, ṣebí èmi ni mò ń sọ yín di olókìkí. Òkìkí! Ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti ń kọrin, òrùlé mi ṣì ń jò. Ó kó mi nírìíra.

Àlàmísì, 9 Ọkitóbà
Garba Ẹlẹ́nu-Òróró. Tí mo bá ti rántí eyín ẹ̀, èébì á gbé mi.

Jímọ̀, 10 Ọkitóbà
Mo pe é lórí fóònù. Mo bú u dáadáa lédè Haúsá. Mo wá kọ orin tuntun sí i létí, èyí tí mo ṣe fún Ìyá mi tó kú — ẹnì kankan níta ò tíì gbọ́ ọ. Mo ní, jí ìyẹn náà! Ó sáré ń kí mi pé kí ẹ̀mí mi gùn: "Ranki ya dade, Hajiya." Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí.

Àtìní, 20 Ọkitóbà
Orin Ìyá jáde ní sítúdíò. A ti gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Àlàrùbá, 22 Ọkitóbà
Wọ́n ti yọ ọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì! Wọ́n ní Garba ló ni ín. Ó ti gba ohùn mi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo pè é, ó fi ìlù sí i, ó gbé e jáde ṣáájú, ó forúkọ ara ẹ̀ sílẹ̀. Owó tó bá wọlé, tiẹ̀ ni. Ẹlẹ́gbin. Ìdin inú ẹran.

Hájíà gbọ́ ọ — èmi náà nìyẹn — ó tún un gbọ́. Ó ní ohùn òun ni lóòótọ́, ìgbà wo lòun kọ ọ́ fún un? Lẹ́yìn náà, ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́: bí ti Ìyá ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgbàgbé. Títí Ìyá ò fi mọ orúkọ ọmọ ẹ̀ mọ́.

Kò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́.

Jímọ̀, 24 Ọkitóbà
Wọ́n wá pe Hájíà sí wòlímọ̀ ní Kasarawa. Ó kọ̀. Ó ní òun lè gbàgbé orin láàárín èrò.

Àtàláátà, 28 Ọkitóbà
Ìwé ìfẹ̀sùnkàn tá a fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó yọ orin wa ń bèèrè pé: ta ló ni ohùn tó wà nínú orin tí Garba gbé jáde? Hájíà ní kí n bá òun kọ orúkọ òun síbẹ̀.

Mi ò kọ ọ́. Mo lanu, mo kọ orin Ìyá, pẹ̀lú ikọ́ Hájíà àti bó ṣe ń fa ìparí ẹ̀. Ó yíjú wẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó ń kọrin. Ojú ẹ̀ wá dúró lẹ́nu mi. Ó ní, "Ìwọ?" Kò nà mí. Ì bá kúkú nà mí.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé yẹn ni mo kọ síbí: Muhsinah, ọmọ ẹ̀gbọ́n Hájíà, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Èmi ni mo fi ohùn Hájíà pe Garba. Hájíà ò mọ nǹkan kan.