Bàbá Sálẹ́ńsà àti Ibi Tí Páìpù Méjì Ti Ń Pàdé

Inú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìfọṣọ, ní òpópónà tó lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ni wọ́n bí bàbá wa sí ní oṣù kẹta ọdún 1947. Awakọ̀ akẹ́rù ni bàbá tó bí wọn lọ́mọ, ìyá wọn ló sì ni ilé ìfọṣọ náà. Ìdílé alágbẹ̀dẹ ni bàbá wọn ti wá, ìdílé aránṣọ ni ìyá wọn ti wá. Bàbá wa ni àkọ́bí. Ó pẹ́ kí àbúrò wọn ọkùnrin tó dé, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Kékeré. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Àwa ọmọ olóògbé la gbé ìtàn yìí kalẹ̀, àkọ́bí obìnrin ló di bírò mú. Ó ti rẹ̀ wá, ẹ̀yin ènìyàn wa. Àìsàn Bàbá pẹ́, ètò ìsìnkú kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ̀yìn lélẹ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ wọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbójú fò ó.

Bàbá wa parí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1960. Olùkọ́ wọn sọ pé orí wọn pé, àmọ́ ìdí wọn kì í gbé àga. Bàbá wọn bá fà wọ́n lé ọ̀gá ajórinmọ́rin kan lọ́wọ́, ẹni tó ń ṣe páìpù tí èéfín ọkọ̀ ń gbà jáde, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní sálẹ́ńsà. Ọ̀gá náà le koko. Lọ́dọ̀ wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ páìpù lófìfo. Wọ́n á kọ́kọ́ rọ iyanrìn gbígbẹ kún inú rẹ̀, wọ́n á dí orí méjèèjì, wọ́n á fi iná sí i títí tó fi pọ́n, lẹ́yìn náà ni wọ́n á rọra máa tẹ̀ ẹ́ kó má baà wọnú. Bàbá wa kọ́ sùúrù yìí débi tó fi wọ̀ wọ́n lára. Wọn kì í kánjú jẹun, wọn kì í kánjú sọ̀rọ̀, wọn kì í sì í kánjú dárí ji ènìyàn.

Ní ọdún 1971, wọ́n gbé ìyá wa níyàwó. Akọ̀wé ni ìyá wa nígbà náà, níbi tí wọ́n ti ń wọn bí lọ́rì ṣe wúwo tó. Lọ́rì kan ń pariwo níwájú fèrèsé wọn, wọ́n bá jáde lọ sọ fún ọkùnrin tó wà lábẹ́ rẹ̀ pé kó gbé ìdààmú rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ọkùnrin náà fèsì láti abẹ́ lọ́rì pé ìdààmú náà lòún ń tún ṣe. Ìyá wa ní ohùn yẹn làwọn kọ́kọ́ fẹ́, àwọn ò tíì rí ojú.

Ní ọdún 1974, Bàbá gba ilẹ̀ kan lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ta táyà, wọ́n fi páànù bò ó, wọ́n sì pe àbúrò wọn wá. Bàbá fúnra wọn ló kọ́ Bàbá Kékeré níṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn débi pé abọ́ kan ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí tí kò bá yé yín, ìyókù ìtàn yìí á dà bí ọ̀rọ̀ wèrè. Lẹ́yìn tí epo bá jó tán nínú ẹ́ńjìnnì, èéfín gbọ́dọ̀ ráyè jáde kí afẹ́fẹ́ tuntun tó lè wọlé. Tí páìpù bá ṣẹ́ kọ́rọ́ níbì kan, èéfín á forí sọ ọ́, á máa ti ara rẹ̀ padà, ẹ́ńjìnnì á máa mí hẹlẹhẹlẹ, mọ́tò á sì máa mu epo láìní agbára. Tí páìpù bá tún fẹ̀ jù, èéfín á máa yan fanda nínú rẹ̀, kò ní jáde bó ṣe yẹ. Èyí, tẹ̀gbọ́n tàbúrò jọ gbà á. Ibi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì alápá méjì, tí èéfín ń gba ọ̀tún àti òsì jáde, tí páìpù méjèèjì á wá pàdé lábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó di ọ̀kan. Bàbá ní ibi tó jìnnà sí ẹ́ńjìnnì ni kí wọ́n ti pàdé, kí ọkọ̀ lè lágbára láti fa ẹrù. Bàbá Kékeré ní ìtòsí ẹ́ńjìnnì ni, kí ọkọ̀ lè sáré. Ká ní ẹnì kan nínú wọn lè sọ pé iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe ló máa pinnu rẹ̀ ni, ì bá ti tán síbẹ̀. Wọn ò sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ páìpù yìí ni wọ́n ń sọ sùn, òun ni wọ́n ń sọ jí.

Ní ọdún 1989, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn, alápá méjì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Bàbá ṣe páìpù apá ọ̀tún láàárọ̀, wọ́n sì lọ fi orin dánra wò pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Kí wọ́n tó dé, Bàbá Kékeré ti ṣe apá òsì ní ìlànà tiwọn, wọ́n sì ti jó méjèèjì pọ̀. Ọ̀kan gùn, èkejì kúrú. Bàbá yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, wọ́n rí i. Bàbá Kékeré náà mọ̀ pé wọ́n rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ni yóò tú tirẹ̀ tún ṣe, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ tú tirẹ̀. Wọ́n jọ dákẹ́, ọkọ̀ jáde.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, èrò kún bọ́ọ̀sì náà, ìyá wọn wà láàárín wọn. Ibi tó ti ń gun òkè ni èéfín ti ń dí ara rẹ̀ lọ́nà, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó kú. Bó ṣe kú ni búréèkì náà kò gbà dáadáa mọ́, ọkọ̀ bá ń yọ̀ padà sẹ́yìn títí tó fi já sí gọ́tà. Kò sẹ́ni tó bá a lọ, a dúpẹ́. Ìyá wọn nìkan ni egungun ìbàdí wọn ṣẹ́, ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń rìn títí ọjọ́ ikú wọn. Lẹ́bàá ibùsùn ní ilé ìwòsàn, oníkálukú ń ṣàlàyé fún ìyá pé páìpù ẹnìkejì ló fà á. Ìyá ní àwọn méjèèjì ló ṣe òun léṣe, kí wọ́n máa lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Bàbá fi páànù dá ṣọ́ọ̀bù sí méjì. Géètì kan, mítà iná kan, ṣọ́ọ̀bù méjì. Àwọn onílọ́rì ń yà sọ́dọ̀ Bàbá, àwọn tó fẹ́ sáré ń yà sọ́dọ̀ Bàbá Kékeré, inú àwọn oníbàárà apá méjèèjì sì ń dùn, èyí tó yẹ kó ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Àkọ́bí obìnrin, ẹni tó ń kọ̀wé yìí, ni wọ́n ń rán. Bàbá á ní kó lọ sọ fún ẹni yẹn pé kó pa iná rẹ̀. Ọmọ á rìn yípo páànù lọ jẹ́ iṣẹ́ tí ẹni yẹn ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ó jẹ́ iṣẹ́ náà dàgbà, ó wọlé ọkọ, ó tún ń padà wá jẹ́ ẹ. Ó rẹ̀ ẹ́, kò ní purọ́.

Nígbà tí ìyá wọn kú ní ọdún 1998, ọ̀kan dúró níbi orí sàréè, èkejì dúró níbi ẹsẹ̀. Nígbà tí a délé, Bàbá sọ ní pálọ̀, lójú gbogbo wa, pé lọ́jọ́ tí àwọn bá kú, ẹni yẹn kò gbọdọ̀ dé ibi òkú àwọn. Ẹ mọ Bàbá. Páìpù tó ti tutù ni ọ̀rọ̀ wọn, kì í ṣeé tẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù irú ọjọ́ òní ti ń bà wá. Ta ló fẹ́ dúró ní ẹnu géètì kó máa lé àbúrò bàbá rẹ̀ padà?

Ní ti ìgbàgbọ́, ohùn ìsàlẹ̀ ni Bàbá ń kọ nínú ẹgbẹ́ akọrin títí èémí fi dín kù. Láti ọdún bọ́ọ̀sì náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ti iṣẹ́ ìlú, bí iléèwé bá ti fẹ́ wọlé, wọ́n á rápálá lọ sábẹ́ bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ, wọ́n á máa wá ihò tí èéfín lè gbà wọ ibi tí ọmọdé ń jókòó sí, wọ́n á sì dí i láìgba nǹkan kan. A rí ẹ̀yin awakọ̀ iléèwé tí ẹ jókòó lẹ́yìn. Ẹ ṣé.

Ní ọdún 2022, ikọ́ mú Bàbá, kò sì fi wọ́n sílẹ̀. Dókítà ní èéfín iṣẹ́ ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́. Ìyá wa bẹ̀ wọ́n nítorí Bàbá Kékeré, pásítọ̀ bẹ̀ wọ́n, alága ẹgbẹ́ ajórinmọ́rin wá jókòó ti ibùsùn, ó bẹ̀ wọ́n títí ó fi sùn lọ lórí àga. Bàbá kọjú sí ògiri.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù tó kọjá, Bàbá Kékeré dé fúnra wọn. Aṣọ iṣẹ́ ló wà lọ́rùn wọn, ọwọ́ wọn dúdú. Wọn ò tọrọ àforíjì, wọn ò sì jókòó. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ kan, alápá méjì, páìpù rẹ̀ ti jẹrà, àwọn ò sì mọ bí àwọn ṣe máa ṣe é.

“Ẹ̀gbọ́n, níbo ni kí n ti so wọ́n pọ̀?”

Gbogbo wa tó wà nínú yàrá wo ara wa. Láti ọjọ́ tí ayé ti dáyé, Bàbá Kékeré kò béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Èémí Bàbá ń fọn fùú. Wọ́n yọ rọ́bà atẹ́gùn kúrò nímú wọn.

“Kí ló ń gbé?”

Bàbá wa tí kò béèrè ohun tí ọkọ̀ ń gbé rí kí wọ́n tó so páìpù! Bàbá Kékeré wo ilẹ̀. Wọ́n ní pósí ló ń gbé. Ìyá wa fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ náà kò ní kánjú, kí wọ́n so páìpù méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn, jìnnà sí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n tún sọ̀rọ̀.

“Ìwọ ni kó o wà á.”

Bàbá Kékeré jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, wọ́n sì sunkún bí ọmọdé. Kò pẹ́ ju àkókò tí omi fi ń hó lọ lẹ́yìn náà tí àwọn méjèèjì tún ń jiyàn lórí irú iyanrìn tó dára jù. A fi wọ́n sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ọ láìsí páànù láàárín.

Bàbá sùn ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ ìyá wa. Ìyá wa gbẹ̀yìn wọn, àbúrò wọn gbẹ̀yìn wọn, àwa ọmọ mẹ́rin, obìnrin mẹ́ta àti ọkùnrin kan, gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án àti ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tí kò tíì mọ̀ ju ẹkún lọ.

Bàbá wa, a ti ṣe ìwọ̀n tí agbára wa gbé. Ọkọ̀ náà ti wà lẹ́nu géètì, kò pariwo rárá. Kí Ọlọ́run tẹ́ ibi tó rọ̀ fún yín, kí èémí tó nira níhìn-ín má nira mọ́ níbẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa sùn. Àbúrò yín ló wà nídìí ọkọ̀.