Mo Ti Kọ Ojú Tẹlifíṣàn Rẹ sí Ògiri

Ilé Àjíṣafẹ́,
Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.
Oṣù kẹjọ, 1995.

Oyèbánjí ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn Èkó, mo kí ọ kú ara líle, bí ara bá le lóòótọ́. Ọlọ́run tó dá ọ sí di àárọ̀ òní kò ní mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí rẹ. Bí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, òjò ń ba kòkó jẹ́ lórí igi, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì tó háyà yàrá lọ́wọ́ mi sì ń da omi ìfọṣọ sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ilé bàbá wọn ni. Ìyá rẹ kò jẹun dáadáa láti Ọjọ́bọ̀. Ìwọ lo fà á, ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn.

O fi tẹlifíṣàn ránṣẹ́ sí wa pé kí a máa wo ọ́ nínú eré, a sì ń wò ó. Adébíyìí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí, ló máa ń gun òrùlé lọ yí irin rẹ̀ kí àwòrán lè dúró. Mo ti fara balẹ̀ wo ẹgbẹ́ méjèèjì tó ń jà nínú eré yín, n kò sì rí ọlọ́gbọ́n kan níbẹ̀. Wo àwọn Òkè Iná. Wọ́n na ìka, iná sọ. Ẹni tí Ọlọ́run fún nírú agbára bẹ́ẹ̀ kò ronú pé kí òun fi dín àkàrà tà, tàbí kí òun lọ bá Nẹ́pà ṣiṣẹ́, ayé ni ó fẹ́ máa ṣàkóso. Gbogbo ayé o. Èmi ní yàrá mẹ́fà péré, apá mi kò ká akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin. Olórí wọn, ọkùnrin apárí yẹn, ṣáà ń rẹ́rìn-ín lórí àpáta, kò sí ẹni tó bi í pé bó bá gba ayé tán, ta ni yóò máa gbá a, ta ni yóò sì máa parí ìjà ààlà oko.

Àwọn Odò Dúdú tìrẹ wá ńkọ́? Adébíyìí ní àwọn yẹn lẹni rere, ó ní wọ́n fẹ́ gba ayé là ni. Mo ní ta ló rán wọn? Ẹ ń pòórá, ẹ ń wọ inú ògiri bí ẹni wọ ṣòkòtò, ẹ ń sọ fún àwọn ará abúlé pé nítorí wọn lẹ ṣe ń jà. Nígbà tí ẹ jà tán, ẹ̀gẹ́ wọn ti jóná ráúráú, kò sì sí ọ̀kan nínú yín tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tún igi kan gbìn. Àdó wúrà kan náà ni gbogbo yín ń lé. Àwọn kan fẹ́ fi jọba, àwọn kan fẹ́ gbé e pamọ́ kí ẹnikẹ́ni má lè jọba, oko olóko lẹ jọ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ, ó ní kí n dákẹ́ kí òun lè gbọ́ ohùn rẹ.

Àfi bó ṣe kàn ọ́ ní Ọjọ́bọ̀. Àwọn Òkè Iná lé yín wọ inú ihò àpáta, olórí yín gbá àdó mọ́ àyà, ó ní kí o dí ẹnu ọ̀nà kí òun ráyè sá. Oyèbánjí, èmi tó bí ọ ń bi ọ́ léèrè, ẹni tó lè gba inú ògiri kọjá, kí ló fẹ́ fi ẹnu ọ̀nà ṣe? O ò bi í. O na ọwọ́ méjèèjì, apárí yẹn ju iná lù ọ́, o sì ṣubú. Ọ̀wọ̀ àgbà tí mo kọ́ ọ ti pọ̀ jù, ó yẹ kí o bi í.

Ìyá rẹ ké, gèlè bọ́ lórí rẹ̀. Mo ní eré ni, ó ní òun mọ̀ pé eré ni, ó sì ń sunkún lọ. Èmi náà mọ̀, n kì í ṣe ọmọdé. Ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀. Mo rí ọkọ́, mo rí erùpẹ̀, mo rí wọn tí wọ́n ń gbé ọ bọ̀ nínú aṣọ funfun. O mọ̀ pé òbí kì í wo sàárè ọmọ. Nígbà tí àbúrò mi Àtàndá kú, ńṣe ni wọ́n mú bàbá wa lọ sí Ilare kó má baà gbọ́ ìró ọkọ́ rárá. Kò sí ẹni tí yóò mú èmi lọ sí Ilare nítorí tẹlifíṣàn, nítorí náà mo dìde, mo kọ ojú rẹ̀ sí ògiri. Adébíyìí ní kí òun kúkú bá mi pa á. Mo ní èwo tún ni pípa, ṣé èyí tí wọ́n pa kò tó? Tẹlifíṣàn náà ń sọ̀rọ̀ sí ògiri títí Nẹ́pà fi mú iná lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà di òní. N kò yí i padà, torí n kò mọ̀ bóyá wọ́n ti bò ó tán.

Ọ̀rọ̀ apárí yẹn tún kù. O kọ̀wé sí wa nígbà Àjíǹde pé Adéagbo ni orúkọ rẹ̀, pé ẹ jọ ń gbé yàrá kan ní Ṣómólú, pé òun ló máa ń se ẹ̀wà fún ẹ̀yin méjèèjì. Ṣé orí rẹ pé ṣá? Ẹni tó ju iná lù ọ́ níṣojú gbogbo Nàìjíríà, o ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀. Wọ́n ní èèyàn dáadáa ni. Kó máa ṣe dáadáa rẹ̀ lókèèrè.

Ìyá Awódélé, arúgbó ẹ̀yìnkùlé wa, rí i láti ojú fèrèsé, ló bá wá kí wa kú ọ̀fọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo ní eré ni, mo lé e jáde. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó tún padà wá bèèrè bóyá o ti dé. Ìyá rẹ pẹ̀lú ń lọ sí ibùdókọ̀ Lágere lójoojúmọ́, ó ní òun ń lọ ra ata. Ata kì í sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Èkó. Mo wá a lọ ní àná kó lè wálé wá se oúnjẹ, nígbà tí mo sì ti débẹ̀ náà, mo bá a wo ọkọ̀ mélòó kan.

Sọ fún ẹni tó ń kọ eré náà kó jí ọ dìde ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Àwọn tó ń fọ́ àpáta, kí ni jíjí ẹnì kan dìde jẹ́ fún wọn? Bí agbára wọn kò bá tó ìyẹn, kí wọ́n yéé pariwo agbára sí wa létí.

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni mo ti máa ń bèèrè owó, o mọ̀ mí. Ti oṣù yìí, má fi rán dẹ́rẹ́bà kankan, torí ìyá rẹ yóò dá ọkùnrin náà dúró pé kó búra pé òun fojú ara òun rí ọ. Fi wọ ọkọ̀, kí o gbé èyí tó kù wá. Ọwọ́ rẹ ni wàá fi yí tẹlifíṣàn yìí padà, wàá sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí n máa rí ẹ̀yin méjèèjì pọ̀.

Iná kò ní jó ọ lóòótọ́, kò sì ní jó ọ nínú eré. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí n rí sàárè rẹ. Ìwọ ni wàá gbẹ́ tèmi, ìwọ ni wàá bò ó, wàá sì padà sílé lọ jẹun. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àjíṣafẹ́.