Mo Béèrè Ọ̀tá Lọ́wọ́ Fóònù

Láti ọ́fíìsì mi, lẹ́yìn ààrò kejì,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí búrẹ́dì àárọ̀ ti jáde.

Sí ọmọ mi, Adúmáadán,

Mo kí ọ o. Mo kí ọ bí ẹni tó ń kí olùkọ́, torí ohun tí o dà fún mi nìyẹn báyìí. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀? Ṣé òtútù ilé ìkàwé tí o ti ń ṣiṣẹ́ ò pọ̀ jù? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n má fi ẹnu mi gígùn ba lẹ́tà jẹ́, kí n sọ ohun tó wà ńlẹ̀. Mo ní kó lọ jókòó, pé èmi àti ọmọ mi là ń sọ̀rọ̀.

O lè ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Bí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, wàá máa rẹ́rìn-ín, èmi náà á máa rẹ́rìn-ín, a ò ní sọ ọ́ parí. Ni mo bá gbé bírò. Kíláàsì kẹta ni mo dé nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó sá jáde, gbogbo ayé mọ̀, èmi fúnra mi ló máa ń sọ ọ́. Síbẹ̀ ààrò méjì ni mo ní, ọkọ̀ mẹ́ta, òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógún, kò sì sí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan tó bá mi kọ́ ọ̀kankan níbẹ̀. Mo sọ ìyẹn kí o lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu ẹni tó máa ń dúpẹ́ káàkiri ni ọpẹ́ yìí ti ń jáde. Ọmọ mi, o ṣeun. O ṣeun gan-an ni.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú ti ń tì mí, kí n lè tètè kúrò níbẹ̀. O bá wàhálà náà nílé nígbà tí o wá fún ìsinmi. Búrẹ́dì wa máa ń jáde dáadáa, á wú, á pọ́n, á máa ta sánsán. Tó bá di ọjọ́ kejì, inú rẹ̀ á máa rùn bí èso tó ti rà. Tó bá di ọjọ́ kẹta, bí o bá ya á sí méjì, á máa fà bí òwú aláǹtakùn. Ìyá oníṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé gbé òdindi páálí kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, ó ní, “Ọ̀gá Búrẹ́dì, ẹ wá gba nǹkan yín o. Àwọn ọmọléèwé ti ń fi í ṣeré okùn.”

Èmi ti mọ ẹni tó ṣe é. Èmi kẹ̀, kí ni mi ò mọ̀! Bàbá Ìyẹ̀fun ni, ẹni tó ti ń bá mi po ìyẹ̀fun láti ọdún méjìdínlógún, tó máa ń pọ̀n ọ́ nígbà tí ìyá rẹ bá ń kó búrẹ́dì sọ́kọ̀. Mo rí i tó dúró bá ọ̀gá békìrì tó wà lódìkejì títì sọ̀rọ̀, tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ó tán. Mo pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, mo ní, “Bàbá, ohun tí ẹ ń dà sínú ìyẹ̀fun mi, ẹ lọ máa dà á sínú ti ẹni tó rán yín.” Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tó lọ, búrẹ́dì ṣì ń fà. Mo ní ó ti fi nǹkan sílẹ̀ kó tó lọ ni. O rí i bí mo ṣe gbọ́n tó.

Ìgbà tí o dé, òun lo kọ́kọ́ béèrè. Mo sọ fún ọ, o ò bá mi jà, o kàn ní, “Bàbá mi, ṣé ẹ ti wádìí ẹ̀?” Mo ní mo ti wádìí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá, mo sì fi fóònù hàn ọ́. O rí ohun tí mo kọ síbẹ̀: “Ta ni ọ̀tá tó ń ba búrẹ́dì mi jẹ́?” O sì rí ohun tó kó wá: pásítọ̀ méjì tó ń gbàdúrà ìdáǹdè, ọkùnrin kan tó ń ta kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ṣọ́ òṣìṣẹ́, obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ. O rẹ́rìn-ín títí o fi jókòó sílẹ̀. O wá ní, “Bàbá mi, ọ̀tá lẹ béèrè, ọ̀tá ló kó wá fún yín. Ẹ ti fi ìdáhùn sínú ìbéèrè kí ẹ tó béèrè. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí àti òórùn tí imú yín gbọ́, ẹ fi ti èèyàn sílẹ̀ ná.”

Mo rò pé wàá bá mi wá a. O kọ̀. O ní ọ̀la lo ń padà síléèwé, pé èmi ni mo ni búrẹ́dì, èmi ni kí n wá a. Inú bí mi díẹ̀ o, ká má purọ́ fún ara wa. Ṣùgbọ́n o ya àpò ìyẹ̀fun kan, o kọ ẹ̀kọ́ mi sẹ́yìn rẹ̀, mo sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Kí n yọ “ta ni”, kí n yọ “mi”, kí n fi ọ̀rọ̀ tó ní iṣẹ́ nìkan sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ méjì bá gbọ́dọ̀ dúró pọ̀, kí n fi àmì àyọlò tó dà bí etí ehoro sí i níwájú àti lẹ́yìn. Bí nǹkan tí mi ò wá bá ń yọjú, kí n fi àmì ìyọkúrò síwájú orúkọ rẹ̀. O ní ibi tí gbogbo ayé ti ń wá nǹkan, ọjà ni, ẹni tó bá pariwo jù lèèyàn ń kọ́kọ́ rí, ṣùgbọ́n ibì kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni wọ́n ń kó síbẹ̀. O fi ọ̀nà ibẹ̀ sínú fóònù mi.

Ọ̀sán ọjọ́ tí o lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mo kọ ọ́ lédè òyìnbó bí mo ṣe mọ ọ́n mọ: búrẹ́dì, òórùn, ó ń fà. Ibẹ̀ ni mo ti rí orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè é. Okùn ni wọ́n ń pè é! Àìsàn okùn. Mo sáré kọ okùn. Ọmọ mi, àwọn tó ń ta okùn láyé yìí pọ̀! Okùn ọkọ̀ ojú omi, okùn tí wọ́n fi ń gun òkè, okùn ajá. Díẹ̀ ló kù kí n fi fóònù lu ògiri. Mo wo ẹ̀yìn àpò rẹ. Mo fi etí ehoro so okùn àti búrẹ́dì pọ̀, mo fi àmì ìyọkúrò lé àwọn olókùn lọ, mo gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé wọlé. Kẹ́kẹ́ pa. Kò sí ẹni tó ń ta nǹkan kan fún mi mọ́. Ìwé ló kù, orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àti ọdún tó kọ ọ́.

Mo mú èyí tí obìnrin kan kọ, olùkọ́ nípa oúnjẹ ní yunifásítì. Àkópọ̀ kékeré tó wà lókè ni mo kọ́kọ́ kà, bí o ṣe ní kí n ṣe. Ìgbà mọ́kànlá ni mo kà á, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè tí o fi sílẹ̀ nílé. Ó ní kòkòrò kan wà tí ojú ò lè rí, pé ìyẹ̀fun ló ń bá wá láti oko. Irúgbìn rẹ̀ le débi pé iná ààrò ò pa gbogbo rẹ̀. Bí búrẹ́dì bá tutù dáadáa, á máa sùn lọ. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá pẹ́ lára búrẹ́dì, á jí, á máa jẹ ẹ́ láti inú. Ó wá dárúkọ nǹkan méjì tó ń ràn án lọ́wọ́: kí wọ́n di búrẹ́dì gbígbóná mọ́ inú ọ̀rá, àti kí wọ́n fi búrẹ́dì àná po tuntun.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ta ló ní kí wọ́n máa dì í ní gbígbóná, kí oníbàárà lè rò pé ìṣẹ́jú yẹn ló jáde? Èmi. Ta ló ní kí wọ́n máa rẹ èyí tó ṣẹ́kù sómi, kí wọ́n pò ó mọ́ tuntun kí nǹkan má ṣòfò? Èmi náà ni. Ọgbọ́n tí mo fi ń yangàn níbi gbogbo nìyẹn. Bàbá Ìyẹ̀fun ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ó tutù ná.” Mo bi í bóyá òun ló ni békìrì.

Màá sọ òótọ́ fún ọ. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n tún un ṣe jẹ́ẹ́, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Èkejì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: mo padà sórí fóònù, mo kọ “ìdọ̀tí ọwọ́ ẹni tó ń po ìyẹ̀fun”, bóyá ọ̀mọ̀wé míì á gbè mí. Ìwé mẹ́rin ni mo kà. O ti ní kí n máa wo àwọn ìwé tí wọ́n tọ́ka sí lẹ́yìn, kí n mọ̀ bóyá àwọn ẹlòmíì gbà pẹ̀lú wọn. Mo wò ó. Gbogbo wọn ń nawọ́ síra wọn, gbogbo wọn sì ń nawọ́ sí mi.

Agídí mi ò tíì tán o. Àdírẹ́sì í-meèlì obìnrin yẹn wà nísàlẹ̀ ìwé rẹ̀. Mo kọ̀wé sí i, mo ní èmi ni mo ni ààrò méjì, kó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ọjọ́ kejì ló dáhùn! Èmi tí olùkọ́ máa ń ní kí n lọ dúró síta! Ó ní kí n má gba òun gbọ́ lásán, kí n dán an wò. Mo ṣe búrẹ́dì mẹ́rin. Èkíní, mo fi ti àná pò ó, mo dì í ní gbígbóná. Èkejì, mo dì í ní gbígbóná nìkan. Ẹ̀kẹta, mo fi ti àná pò ó, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó tutù. Ẹ̀kẹrin, mi ò ṣe ọgbọ́n kankan fún un. Mo tò wọ́n sí yàrá tó móoru fún ọjọ́ mẹ́ta. Èkíní ń fà bí okùn. Èkejì àti ẹ̀kẹta ń rùn. Ẹ̀kẹrin kò ní àbùkù kankan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pò wọ́n, mo sì tilẹ̀kùn mọ́ra. Kò sí ọ̀tá kankan nínú yàrá yẹn àfi èmi.

Lọ́jọ́ Àìkú mo tẹ ìwé náà jáde, mo mú un lọ sílé Bàbá Ìyẹ̀fun, yàrá kan ṣoṣo lókè àtẹ̀gùn. Ìyàwó wọn ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Ṣé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ fẹ́ yẹ̀ wò ni?” Mo ní rárá o, ìyá, àforíjì ni mo wá tọrọ. Bàbá ń dán bàtà wọn, wọn ò dìde. Mo na ìwé sí wọn, wọn ò gbà á. Wọ́n ní, “Níwájú ogún èèyàn lẹ ti sọ tàkọ́kọ́. Ṣé inú yàrá mi yìí lẹ ti fẹ́ sọ ìkejì?” Mo ní ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní orúkọ tí mo ń jẹ́ níta o. Wọ́n ní, “Èmi náà ní.” Wọ́n sì padà sídìí bàtà wọn.

Lọ́jọ́ Ajé mo pe gbogbo wọn jọ, àwọn tó ń ṣe é, àwọn tó ń dì í, àwọn awakọ̀, àní ìyá oníṣọ́ọ̀bù yẹn pàápàá wá. Bàbá Ìyẹ̀fun dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ya búrẹ́dì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níwájú wọn, mo ní, “Ẹni tó ń ba búrẹ́dì jẹ́, èmi ni. Mo parọ́ mọ́ bàbá yìí.” Awakọ̀ kan lẹ́yìn ní, “Ọ̀gá, ẹ tún un sọ, etí mi ò gbọ́ ọ.” Mo tún un sọ. Mo mọ ojú rẹ̀ dáadáa.

Ohun tí mo fi gbé bírò gan-an nìyí. Lẹ́yìn tí wọ́n ti tú ká, Bàbá Ìyẹ̀fun wọ ọ́fíìsì, wọ́n jókòó, wọ́n ní, “Ọ̀gá, nǹkan tí ẹ fi béèrè yẹn, ṣé ó lè dáhùn tèmi náà? Ikọ́ mi ni. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe mí.” Mo gbọ́ ohùn rẹ létí mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi ayé sílẹ̀ ná. Ìgbà wo ló máa ń wá?” Wọ́n ní tí àwọn bá ń da ìyẹ̀fun sínú ẹ̀rọ ni, àyà àwọn á há. “Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ẹ fi wà nílé ńkọ́?” Wọ́n ní, “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí.” Mo kọ ọ́: ikọ́, eruku ìyẹ̀fun, ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. Ọmọ mi, ìwé jáde jìngbìnnì! Òmíràn nínú wọn dàgbà jù mí lọ. Àìsàn tó ní orúkọ ni. Èmi tí mo ti ń gbọ́ ikọ́ yẹn lọ́dọọdún, ó ti mọ́ mi létí bí ariwo ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, mo fi ọkọ̀ ara mi gbé wọn lọ sílé ìwòsàn, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Dókítà gbọ́ àyà wọn, ó ní kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ kan, ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa fà símú, ó ní wọn ò gbọ́dọ̀ da ìyẹ̀fun mọ́. Ó ní àwọn tó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó wá, ẹ̀dọ̀fóró wọn kì í bọ̀ sípò mọ́. Mo ti ra ìdérí fún ẹ̀rọ, mo ti ra ìbòmú fún gbogbo èèyàn. Bàbá ti di ọ̀gá níbi tí a ti ń tú búrẹ́dì sílẹ̀ kó tutù. Lánàá wọ́n gun àtẹ̀gùn ilé wọn dókè láì dúró sinmi, ìyàwó wọn ló pè mí tó sọ fún mi. Bí o bá ti bá mi wá a lọ́jọ́ yẹn, ti búrẹ́dì nìkan ni ǹ bá rí.

Ọlọ́run á ṣí ojú ọ̀nà rẹ bí o ṣe ṣí tèmi. Ọpọlọ rẹ ò ní rẹ̀. Ohun tí o bá ń wá, wàá rí i, ohun tí o bá rí á ṣe ọ́ láǹfààní, àwọn ọmọ tìrẹ náà á kọ́ ọ ní nǹkan ní ọjọ́ ogbó rẹ, o ò sì ní bínú bí mo ṣe bínú.

Èmi ni bàbá rẹ, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ tó dàgbà jù,
Ọ̀gá Búrẹ́dì.

Mo tún rántí: obìnrin ọ̀mọ̀wé yẹn ń pè mí ní “Dókítà” nínú gbogbo í-meèlì rẹ̀. Mi ò tíì tún un ṣe fún un. Bí o bá rò pé ó yẹ kí n tún un ṣe, kọ̀wé sí mi, ṣùgbọ́n má kánjú.