Ìgò Kejì

Agége,
Oṣù Kẹfà, 1989

Ìyá mi,

Ara mi le kokoko. Bọ̀ọ̀dá Jimoh ní inú yín ń dùn pé mo ti ń bo orí, ẹ tiẹ̀ ti ní kí Lèmọ́ọ̀mù ṣàdúà fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá wọn dúró ná.

Ṣé ẹ mọ̀ pé oògùn irun jẹ́rí-kọ́ọ̀lù ni iléeṣẹ́ wa ń ṣe n'Íkẹjà. Èròjà kan wà nínú irun tó ń jẹ́ sísítíìnì. Imí-ọjọ́ ara rẹ̀ ló ń di ara wọn mú, tí irun fi ń lágbára. Ìgò kìíní á tú wọn, a ó wá ká irun mọ́ róólà. Ìgò kejì ló ń mú kí wọ́n tún ara wọn dì. Bí kò bá ṣiṣẹ́, irun bàjẹ́ nìyẹn.

Láti ìgbà tí ìjọba ti gbé SAP dé, èròjà ìgò kejì kì í wọlé láti òkè òkun mọ́. Ọ̀gá ní kí n bomi là á. Mo ní kò ní ṣiṣẹ́. Ó ní ta ló bi mí? Àṣà wa sì ni pé ẹni tó bá po oògùn ni yóò kọ́kọ́ fi orí ara rẹ̀ dán an wò.

Nígbà tí ọ̀gá rí orí mi, ó ní bóyá mi ò fọ̀ ọ́ dáadáa ni!

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa o. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà. Ẹ ní kí wọ́n má wulẹ̀ gbé òòyà dè mí lọ́dún Iléyá yìí.

Ọmọ yín,
Sùlíyá